Fẹ́ńsì Ẹ̀yìn Ilé Màmá Àtọ́kẹ́

Ọjọ́ Ajé, 8 Sẹ́tẹ́ńbà 2025

Ayẹhùn. Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́, nítorí inú ń bí mi, bí inú bá sì ń bí mi, títúmọ̀ nǹkan ló máa ń jẹ́ kí n fara balẹ̀. Ayẹhùn kì í ṣe ẹni tó ní òun ò rà. Ẹni tó ní òun ò rà ti sọ tirẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ayẹhùn ni ẹni tó ní òun máa rà á, tó fọwọ́ sí ìwé, tó jẹ́ kí onílé lé gbogbo àwọn tó kù lọ, tó wá ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Gbádérọ̀ di ayẹhùn láàárọ̀ yìí.

Ó pè mí láti Àbújá. Ó kí mi, ó kí ọkọ mi, ó kí iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn náà: “Màdáámù, ẹ ṣì dúró ná. Ọ̀rọ̀ ilé Bódìjà yẹn, a fẹ́ yọwọ́ níbẹ̀.” Mo ní kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀! Ṣé òjò ni?

(Láti òní lọ, Ẹ-Ṣì-Dúró lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí. Kò sí ọjọ́ kan tó bá mi sọ̀rọ̀ tí kò fi gbólóhùn yẹn bẹ̀rẹ̀.)

Ilé Màmá Àtọ́kẹ́ Ògúnlẹ́yẹ ni. Opó, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọkọ wọn ló kọ́ ilé náà nígbà tí Bódìjà ṣì dákẹ́. Bàbá ti kú, àwọn ọmọ wà lókè òkun. Màmá fẹ́ padà sí Ṣakí lọ bá àbúrò wọn obìnrin, kí àwọn méjèèjì máa gbé pọ̀ bíi ti ìgbà ọmọdé. Ilé kékeré kan ti ga dé òrùlé níbẹ̀. Owó ilé Bódìjà ni wọ́n máa fi ra páànù tí wọ́n á fi bò ó. Bí Ẹ-Ṣì-Dúró bá yẹ̀, òjò á máa rọ̀ sínú ilé Ṣakí, Màmá á sì dá nìkan wà ní Bódìjà láàárín yàrá ṣíṣófo. Alhaji Sùlàímọ́nù tó kọ́kọ́ fẹ́ ilé náà, èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n ti ra ti Àpáta.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́ ilé títà nìyí: ayẹhùn máa ń ní ìdí méjì – èyí tó ń sọ, àti èyí tó ní. Má bá èyí tó ń sọ jà. Lọ wá èyí tó ní.

Ó rọrùn láti sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Sẹ́tẹ́ńbà

Ẹ-Ṣì-Dúró ti rí ìdí kan. Ó ní ògiri pálọ̀ là.

Mo ṣàlàyé. Ògiri kọ́ ló là, sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ni. Ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, tó dúró sójú kan láti ìgbà tí mo ti mọ ilé náà, kì í ṣe ìlà ilé tó fẹ́ wó. Ilé tó fẹ́ wó, ìlà rẹ̀ máa ń gun ògiri bí àtẹ̀gùn, fèrèsé rẹ̀ kì í sì í pa dé mọ́. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ẹ̀kọ́. Ó ń dáhùn “ẹn, ẹn.” Nígbà tí mo parí, ó ní kíṣìnì náà ṣókùnkùn.

Kíṣìnì kan náà tó jókòó sí, tó jẹ ẹ̀bà Màmá tán, tó tún fi ìka nu abọ́! Kò ṣókùnkùn lọ́jọ́ yẹn. Ó rí ẹran inú ọbẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́rú, 10 Sẹ́tẹ́ńbà

Òní, táǹkì omi ni. Lọ́la, á ní òṣùpá kì í yọ dáadáa lọ́dọ̀ wọn.

Ọjọ́bọ̀, 11 Sẹ́tẹ́ńbà

Mo ya ilé Màmá nígbà tí mo kúrò ní ọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún wọn. Ẹnu mi kọ̀.

Pálọ̀ ti di ẹrù dídì. Ìkòkò wà nínú páálí, wọ́n fi aṣọ àlòkù wé wọn bí ọmọ tuntun. Bẹ́ẹ̀dì ti lọ – ìyàwó pásítọ̀ ni wọ́n fún. Orí mátírẹ́ẹ̀sì nílẹ̀ ni Màmá ń sùn. Wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò kì í tẹ́ ìdí jù. Mo ṣì jókòó níbẹ̀ nígbà tí àbúrò wọn pè láti Ṣakí, ohùn rẹ̀ ń dún jáde nínú fóònù: “Ẹ̀gbọ́n mi, káfíńtà tún dé o! Ó ní ṣé páànù lẹ máa fi bo ilé yìí ni, àbí ìkùukùu?” Màmá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn.

Wọ́n wá kọjú sí mi. “Tẹjú, ìyàwó Gbádérọ̀ tó fẹ́ máa gbé ilé mi ò tíì wá. Ṣé wọ́n sọ fún un pé mo ti kú ni?” Mo ní iṣẹ́ ni kò jẹ́. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ wá. Ilé kì í ṣe bàtà tí èèyàn á kàn tẹsẹ̀ bọ̀. Ilẹ̀kùn yàrá kejì, èèyàn gbọ́dọ̀ gbé e sókè díẹ̀ kó tó ṣí. Fèrèsé ẹ̀yìn, bí òjò bá ti ṣú láti apá Mọ́kọ́lá, kí wọ́n yáa tì í. Ta ló máa sọ fún un?

Wọ́n fún mi ní wàrà díndín tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ṣakí. Mo jẹ ẹ́. Mo ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Sẹ́tẹ́ńbà

Mo rí nọ́mbà ìyàwó Ẹ-Ṣì-Dúró. Níyìolúwa, tíṣà ní ilé ìwé kan ní Agbowó. Mo kí i, mo ní Màmá ń retí rẹ̀. Ó ní: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà lára ògiri.” Mo ní ìlà yẹn, mo ti ṣàlàyé fún ọkọ yín pé –

Ó gé fóònù.

Mo mu omi. Èmi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí òun tó jáde ilé ìwé. Ó gé fóònù mọ́ mi létí nítorí ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun!

Ògiri. Ògiri wo?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Sẹ́tẹ́ńbà

Fẹ́ńsì.

Mo yí ilé náà ká láàárọ̀ – iwájú, ẹ̀gbẹ́ – mo wá gba kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tí àwọn tó ń gé ọ̀nà lọ sí Agbowó máa ń gbà. Ibẹ̀ ló wà. Ọ̀dà pupa, lẹ́tà gbàgàdà-gbàgàdà, ó ṣàn wálẹ̀ bí ẹni pé wọ́n pa ẹran síbẹ̀: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ ṢỌ́RA FÚN JÌBÌTÌ. Ìyókù wọnú koríko.

Kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo yẹ ilé wò. Gbogbo igun fẹ́ńsì yẹn ni mo yà ní fọ́tò kí a tó fọwọ́ sí ìwé. Màmá kò sì lè mọ̀: géètì iwájú ni wọ́n ń gbà, orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n débẹ̀.

Ní ìlú yìí, bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà lára ilé, ohun tó ń wí ni pé ẹnì kan ń ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí pé ẹbí ń jà sí i. Ẹni tó gbọ́n, bó bá rí i, kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Á wá irọ́ pa, á rọra máa lọ, kí oníjìbìtì má baà fura. Ó wá yé mi. Ìlà, kíṣìnì, táǹkì – gbogbo rẹ̀, àwáwí. Níyìolúwa ti gba ẹ̀yìn kọjá, ó ti kà á. Lójú wọn, èmi ni oníjìbìtì. Èmi!

Mo sì mọ ẹni tó kọ ọ́. Bọ̀dá Láyí, àbúrò ọkọ Màmá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń wí pé ilé ẹ̀gbọ́n àwọn kì í ṣe ohun tí à ń tà. Mo dúró sínú koríko, mo pè wọ́n, mo sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò ní kọ síbí. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní: “Àǹtí Ejẹ́ǹtì” – wọ́n mọ̀ pé mi ò fẹ́ orúkọ yẹn, èmi tí ìwé ẹ̀rí mi kún ògiri, kì í ṣe abẹ́ igi ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń díyelé ilé – “bí mo bá fẹ́ kọ nǹkan sára ilé ẹ̀gbọ́n mi, iwájú ni màá kọ ọ́ sí, màá sì kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Ṣé olè ni mí tí màá fi gba ẹ̀yìn?”

Mi ò gbà wọ́n gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Sẹ́tẹ́ńbà

Bọ̀dá Láyí ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sílé Màmá, wọ́n rò ó délẹ̀: fẹ́ńsì, ayẹhùn, gbogbo ohun tí mo pè wọ́n. Màmá ti mọ̀. Kì í ṣe ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ajé, 15 Sẹ́tẹ́ńbà

Mo lọ bẹ Màmá. Wọn ò bá mi jà, ìyẹn ló tiẹ̀ burú jù. Wọ́n ní kí n jókòó. Ẹnu àlàyé ni mo wà tí Ẹ-Ṣì-Dúró fi pè. Mo tú ohùn rẹ̀ síta kí Màmá lè gbọ́ bí mo ṣe máa gbèjà wọn. Mo rò pé á tù wọ́n nínú. Ìwà òmùgọ̀.

Ó ní: “Màdáámù, ẹ ṣì dúró ná. Mi ò fẹ́ ìjà. Ẹ sọ fún màmá yẹn kí wọ́n wá ẹlòmíì lù ní jìbìtì. Àgbàlagbà tó yẹ kó máa wá ojú Ọlọ́run!”

Màmá yìí – tí aláta bá ṣèèṣì bu kún tiwọn ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á padà sọ́jà lọ dá a padà. Mo rò pé wọ́n máa sunkún. Rárá o. Wọ́n dìde, wọ́n di ògiri mú, wọ́n lọ sídìí páálí àkọ́kọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ìkòkò kan. Òmíràn. Wọ́n ń tò wọ́n padà sórí pákó kíṣìnì. Mo ní, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u. Wọ́n ní: “Tẹjú, ẹni tí wọ́n pè lólè kì í kó ẹrù jáde. Wọ́n á ní ṣe ló sá.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Sẹ́tẹ́ńbà

Mi ò kọ nǹkan kan. Bí mo bá kọ ọ́, ìwé yìí á gbiná.

Ọjọ́rú, 17 Sẹ́tẹ́ńbà

Kí n rọra kọ eléyìí, kí n má fo nǹkan kan.

Bọ̀dá Láyí pè mí láàárọ̀. Wọn ò kí mi. “Wá sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Mú fóònù rẹ dání.” Mo bá wọn níbẹ̀ tàwọn tàdá, ẹ̀wù ti lẹ̀ mọ́ wọn lára. Wọ́n ní àwọn wá ṣán koríko kí àwọn lè ráyè fọ ọ̀rọ̀ burúkú náà kúrò lára ilé ẹ̀gbọ́n àwọn, kí aládùúgbò yéé kà á. Koríko yẹn dé mi nídìí lọ́jọ́ tí mo wá. Èmi tí mo ń wo ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, mi ò tẹ koríko wò. Ìbínú ti bò mí lójú.

Ọ̀rọ̀ kù nísàlẹ̀. FÚN ÀLÀYÉ, Ẹ PE – pẹ̀lú nọ́mbà fóònù.

Bọ̀dá Láyí ní: “Ó yá, Àǹtí Ejẹ́ǹtì. Pe olè.”

Mo pè é. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé e, ara rẹ̀ yá gágá. Mo ní mo rí nọ́mbà rẹ̀ lára fẹ́ńsì kan ní Bódìjà, pé mò ń wá ilé rà. Ó ní: “Há, mà, ẹ má dá wọn lóhùn o! Ilé yẹn kì í ṣe títà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti rà á.”

Mo ní ta ni ẹ̀gbọ́n ẹ.

Ó ní: “Bọ̀dá Gbádérọ̀, Àbújá ni wọ́n wà. Èmi ni Simon, àbúrò wọn, Apete ni mò ń gbé. Wọ́n ní kí n máa bá àwọn fojú sílé náà, ni mo bá kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìlú yìí, mà. Bí èèyàn ò bá kọ ọ́, wọ́n á tún un tà fún ẹlòmíì.”

Bọ̀dá Láyí jókòó lé koríko tí wọ́n ṣán. Mo rò pé òòyì ló kọ́ wọn. Ẹ̀rín ni. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ojú: “Ẹ̀gbọ́n ra ilé, àbúrò fi ọ̀dà lé ẹ̀gbọ́n jáde!”

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo bi Simon bóyá ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní rárá, òun fẹ́ kí wọ́n bá a níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dé, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun náà lè bójú tó nǹkan. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yìn? Ó ní ojú ń ti òun láti kọ ọ́ síwájú, níbi tí Màmá á ti rí i.

Ojú ń tì í! Ó mọ̀ pé èébú ni. Ó mọ̀, ó wá rọra gba ẹ̀yìn lọ bú wọn.

Mo kúnlẹ̀ fún Bọ̀dá Láyí níbẹ̀. Ohun tí mo fi kàn wọ́n kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi fóònù bẹ̀. Wọ́n ní: “Dìde, Tẹjú Sọ́fẹ́yọ̀. Ìjàlọ wà nínú koríko yẹn.”

Ọjọ́bọ̀, 18 Sẹ́tẹ́ńbà

Mo sọ fún Ẹ-Ṣì-Dúró. Mi ò pariwo. Mo kàn ka nọ́mbà náà sí i létí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ìwé fún ọmọ jẹ́léósinmi. Kò ní kí n ṣì dúró. Ó ní: “Simon?” – ohùn kékeré.

Lẹ́yìn náà, ó tún gbé ohùn wọ̀: “Ó dáa náà, màdáámù, ó ti yanjú nìyẹn. Ká máa bá iṣẹ́ lọ.”

Ó ti yanjú! Bí ẹni pé agboòrùn ló gbàgbé sílé wa. Ìwé àdéhùn dè é, lọ́yà lè fà á lé e lọ́wọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí lọ́yà tó lè ní kí Màmá tún ìkòkò wọn dì. Mo sọ fún un pé òun kọ́ ló máa sọ bóyá ó yanjú. Kó wọkọ̀ wá. Kó mú ìyàwó rẹ̀ dání. Kó mú Simon.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Sẹ́tẹ́ńbà

Wọ́n wá. Ẹ-Ṣì-Dúró dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀, Simon dọ̀bálẹ̀ tì í, Níyìolúwa kúnlẹ̀. Màmá jẹ́ kí wọ́n wà nílẹ̀ díẹ̀. Kò pẹ́ jù, kò yá jù.

Wọ́n ní: “Ẹ dìde. Mo ti dárí jì yín láti àná, kí n lè rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n pálọ̀ yìí kọ́ lẹ ti bú mi. Kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni, níbi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ tún un ṣe. Kì í ṣe kí ẹ gbéṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni o. Ẹ̀yin fúnra yín.”

Ó la ẹnu: “Màmá, ẹ ṣì dú–”

Màmá ní: “Mi ò dúró mọ́. Mo ti dúró tó.”

Wọ́n lọ. Ọkùnrin Àbújá ká ṣòkòtò dé orúnkún, Simon gbé ọ̀dà funfun. Bọ̀dá Láyí ti gbé àga síbẹ̀ de wọ́n. “Mo ṣì ń kà á o! Kùn ún sí i. ‘Títà’ yẹn ṣì ń wò mí lójú.” Mo sọ fún wọn pé ọ̀dà funfun kì í dá pupa bò, kí wọ́n kọ́kọ́ ha á. Wọn ò gbọ́, wọ́n ń kánjú kí wọ́n lè kúrò lójú ayé. Obìnrin kan tó ń kọjá ní ṣé wọ́n ti wá fẹ́ ta ilé náà ni. Bọ̀dá Láyí ní: “Wọ́n ti tà á tipẹ́! Ẹni tó rà á rèé. Ẹnu ara rẹ̀ ló ń fọ̀.”

Mo wọlé lọ bu omi. Mo rí Màmá àti Níyìolúwa lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá kejì, ọwọ́ àwọn méjèèjì lórí rẹ̀. “Gbé e sókè díẹ̀. Bẹ́ẹ̀. Má fi agbára ṣe é.” Ó ṣí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Sẹ́tẹ́ńbà

Màmá lọ sí Ṣakí lónìí. Ìkòkò ti padà sínú páálí. Dírẹ́bà fẹ́ fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, ó ní ibẹ̀ rọrùn fún ẹrù. Màmá kọ̀. Wọ́n ní géètì iwájú ni, gbayawu, lójú gbogbo àdúgbò. Wọ́n dúró nítòsí ọkọ̀ títí wọ́n fi gbé páálí tó kẹ́yìn sí i. Ẹni tó bá kọjá, wọ́n á kí i: “Mò ń lọ o. Mo ti ta ilé mi.”

Ọjọ́ Ajé, 6 Òkítóbà

Àbúrò Màmá pè: páànù ti bo ilé, òjò rọ̀ lé e lórí, àwọn méjèèjì ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn fún ariwo.

Níyìolúwa náà pè. Òjò kan náà mú pupa yọ lábẹ́ funfun. “Àǹtí, mo tún ti ń kà á o.” Inú bí mi. Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀? Mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan sí i: kí Simon mú búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà, kó ha á títí sìmẹ́ńtì á fi hàn, kó fọ̀ ọ́, kó jẹ́ kó gbẹ, kó tó kan ọ̀dà.

Mo sì fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ kí n tó gbàgbé bí ìbínú ṣe rí lára mi, fún èmi àti ẹni tí mo bá tún kọ́ níṣẹ́ yìí. Bí ẹni tó ń ra ilé bá fẹ́ yẹhùn, má bẹ̀ ẹ́, má bú u, má sì tíì pe ẹni tó o rò pé ó jẹ̀bi. Mú òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ síbi ilé náà lọ́sàn-án. Ẹ jọ rìn yí i ká, ẹ má fo ẹ̀yìn, ẹ tẹ koríko wò. Ní kó má ṣàlàyé nǹkan kan fún ọ. Kó kàn fi ìka tọ́ka sí ohun tó ń bà á lẹ́rù, kó o má sì jẹ́ kí ẹ kúrò níbẹ̀ títí ìka yẹn á fi kan ògiri.